Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Mọ́ Gaara Ni Omi

  Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí odù tàbí ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ìgò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi, ojú sì ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹ ó rántí ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé. Ní òpin oṣù kẹta ni ìjọba sé wa mọ́lé ní Èkó. Kí ó tó di ìgbà náà, sànítáísà tí a fi ń pa ọwọ́ ti di ohun tí a ń wá kiri ní Agége níbí. Mo wá rò ó lọ́kàn pé n ó ṣe ti ilé mi fúnra mi. Mo gbójú lé ìmọ̀ àtijọ́. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí n tó padà sídìí Ifá tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fọ òwú kó lè funfun ni wọ́n fi mí sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide ni a ń lò níbẹ̀, inú dúrọ́ọ̀mù ńlá ló ń wà. Àwa òṣìṣẹ́ a máa pè é ní pẹrọ́sáìdì.

Mo lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míkà kan, mo ra kẹ́ẹ̀gì kan. 35 ni wọ́n fi báírò kọ sí i lára. Nígbà tí mo délé, ìgò ṣìnáàpù òfìfo wà nílẹ̀. Mo bù ú sínú wọn. N kò kọ nǹkan kan sára ìgò kankan. Mo gbé ọ̀kan sí kọ̀rọ̀ ojúbọ, torí mo rò pé ọmọdé kì í dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún kan láàárín ìsémọ́lé náà, àwa ará ilé nìkan la wà nídìí ojúbọ: ìyàwó mi, àwọn ọmọ, àti ọmọ awo kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi. Mo ti da obì, mo ti kí Ògún. Mo ní kí ọmọ awo náà bá mi gbé ọtí.

Ó ní, "Bàbá, èwo nínú wọn?"

Mo ní, "Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni."

Ìgò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. N kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ṣí ìgò, ó ta á sílẹ̀ sórí irin Ògún. Kíá ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfófòó funfun bò ó, ó ń dún ṣìì, oruku bíi ti omi gbígbóná ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo pé, "Ògún ti gbà á o! Ògún ti dáhùn!" Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ọmọ awo ti bu ìyókù sínú ife kékeré, ó ń gbé e bọ̀ kí n tọ́ ọ wò, kí ó tó kárí ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Imú mi kò gbọ́ òórùn ọtí. Àyà mi já. Mo ké pé, "Gbé e sílẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án!"

Ìyàwó mi ní, "Baálé mi, kí ló dé?"

Mo ní, "Kì í ṣe Ògún ló dáhùn. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Ìka méjì ọmọ awo náà ti funfun bí ẹfun níbi tí ó ta sí, ó sì ń ta á bí iná. A fi omi ẹ̀rọ ṣàn án títí ó fi rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó mu ún. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré ló kù.

Òrìṣà kọ́, ìgò ni

Mo máa ń ronú lórí ohun tí àdúgbò ì bá sọ ká ní a mu ún. Wọn ì bá ní Ògún ló bínú, tàbí pé awo ló fi oògùn pa ará ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá bi ìgò léèrè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n sì ń dákú. Àwọn tó kú lé ní 15. Kíá ni ìròyìn gbòde pé òrìṣà ìlú ló ń jà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n rí. Oró ni, ó jọ ògógóró lójú, inú ọtí tí àwọn ènìyàn mu ló sì ti wọlé.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí pẹrọ́sáìdì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Nílé àwa oníṣẹ̀ṣe, ohun olómi tó mọ́ gaara pọ̀: omi tútù, ọtí, àgbo tí a sẹ́. À ń ta á sílẹ̀, à ń tọ́ ọ wò, à ń gbé e fún àlejò. Ìdí nìyí tí ewu ìgò tí kò lórúkọ fi pọ̀ nílé tiwa ju ilé ẹlòmíràn lọ. Òrìṣà tí a kò ṣẹ̀ kò yẹ kó máa ru ẹ̀bi àìṣọ́ra wa.

Kí ni pẹrọ́sáìdì gan-an?

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Louis Jacques Thénard ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1818. Omi ni, àmọ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ fi ọ̀kan lé ti omi lásán. Ọ́síjìn àfikún yìí kì í fẹ́ dúró. Ó máa ń wá ọ̀nà láti jáde, bó bá sì jáde tán, omi lásán ló kù. Ìfófòó tí ẹ máa ń rí bí wọ́n bá dà á sójú egbò, ọ́síjìn tó ń sá jáde ni. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa tó ń mú un tú ká kíákíá. Ìpẹtà ara irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bàbà àti idẹ pẹ̀lú. Ohun tí àwọn ọmọ mi rí lórí irin Ògún nìyẹn.

Ìfófòó kan náà ni yóò ṣe nínú ikùn bí èèyàn bá gbé e mì. Mìlílítà 1 péré nínú ẹni agbára 35 ń tú ọ́síjìn tó lé ní mìlílítà 100 jáde. Bí èèyàn bá gbé mìlílítà 30 mì, ìyẹn gọ́ọ́kú kan, afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 3 ni yóò fẹ́ wú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò bó ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn, afẹ́fẹ́ náà sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó dí ọ̀nà lọ́kàn tàbí nínú ọpọlọ.

Mo ń sọ èyí torí àwọn kan wà tó ń sọ pé kí èèyàn máa kán an sínú omi mu, pé ó ń wo jẹjẹrẹ àti àwọn àrùn mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2006, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu ẹni agbára 35 yìí, torí ó lè pa èèyàn. Nínú gbogbo ewé àti egbò tí bàbá mi kọ́ mi, n kò bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá fi lọ̀ yín pé oògùn mímu ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ má sì rò pé kékeré ni agbára rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Kursk bú gbàmù, ènìyàn 118 ló bá a lọ. Pẹrọ́sáìdì alágbára tó jò nínú ohun ìjà wọn ló dá a sílẹ̀.

Nọ́ńbà ara ìgò

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹni tí a ń rà ní kẹ́mísì, 3% ló sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn ni pé nínú ìdá 100, ìdá 3 ni pẹrọ́sáìdì, ìyókù jẹ́ omi. Ti àwọn onídìrí tí wọ́n fi ń pa irun láró a máa jẹ́ 6%, 9% tàbí 12%. Ti ilé iṣẹ́ ni 35%, 50%, ó sì tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ lára ìgò àwọn onídìrí, nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n ń kọ, wọn a kọ "vol" tẹ̀ lé e. 10 vol ni 3%. 20 vol ni 6%. 30 vol ni 9%. 40 vol ni 12%. Ìtumọ̀ 10 vol ni pé lítà 1 rẹ̀ lè tú ọ́síjìn lítà 10 jáde. Nítorí náà, ẹni tó rí 20 lára ìgò kò gbọdọ̀ kù gìrì pe é ní ìdá 20 nínú 100. Ẹ wo àmì tó tẹ̀ lé nọ́ńbà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ pe ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Níbo ni ká ti rà á?

Ilé apoògùn òyìnbó ni. 3% ni kí ẹ béèrè, nínú ìgò tirẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ìgò kékeré ti tó ilé kan. Ẹ má ra ọ̀pọ̀ pa mọ́, torí agbára rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń pẹ́ nílé, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i.

Àwa tí à ń gbé láàárín Ọ̀gbà, Agídíńgbì, Orẹ́gun, òpópónà Ọba Àkran títí dé Agége, àárín ilé iṣẹ́ la wà. Ọmọ wa, ọkọ wa, ayálégbé wa ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà mìíràn, ọmọ a bu díẹ̀ sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a ní, "Màmá, ẹ fi fọ aṣọ." Ìfẹ́ ló fi mú un wá, àmọ́ ẹ dá a padà. Ẹ má sì ra kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi gbé kẹ́míkà láti máa fi pọn omi tàbí fi rọ epo pupa. Bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, ẹ kò mọ ohun tó ti gbé rí.

Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ My Pikin, oògùn eyín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, láàárín ọdún 2008 sí 2009. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Ohun olómi kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkẹ́míkà ní Èkó ni wọ́n fi pò ó. Ó jọ ohun tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n òun kọ́. Bí irú rẹ̀ bá lè tan ilé tó ń ṣe oògùn jẹ, yóò tan èmi àti ẹ̀yin jẹ.

Bí a bá fẹ́ là á

Bó bá jẹ́ 6% ló wà lọ́wọ́ yín, tó sì jẹ́ omi lásán, tí kì í ṣe èyí tó kì bí ìpara, ìwọ̀n kan rẹ̀ àti ìwọ̀n kan omi ni yóò di 3%. Ife kan, ife kan. Kò le.

Ti 35% ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kan rẹ̀ ń fẹ́ bí ìwọ̀n 11 omi kó tó di 3%. Ìṣirò náà kò le, ọwọ́ wa ni kò dájú. Kó tó di omi ni yóò ti ta sójú. Nílé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú yíká, omi tó ń ṣàn kì í sì jìnnà sí wa. Mélòó nínú wa ló ní èyí nílé? Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí 35% má wọ ilé gbígbé rárá.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín mú un kàn yín, ẹ ṣe é níta gbangba. Nínú ike mímọ́ ni, kì í ṣe nínú irin, idẹ, igbá tàbí ìkòkò amọ̀. Omi tó mọ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga tàbí omi tánńkì tó ti pọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bu omi sílẹ̀, kí ẹ tó máa da pẹrọ́sáìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti jáde nínú ìgò kò gbọdọ̀ padà sínú rẹ̀ mọ́, torí ìdọ̀tí díẹ̀ lè mú gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Omi nìkan ni kí ẹ pò ó mọ́. Bí ẹ bá pò ó mọ́ fínígà, oró mìíràn ni yóò dà, tó ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá pò ó mọ́ Jik, yóò hó, yóò gbóná, yóò ta sí yín lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi ti sànítáísà náà. Nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde, 3% ni pẹrọ́sáìdì tí wọ́n ń lò, nǹkan bíi mìlílítà 42 péré sì ni nínú lítà 1. Ọtí líle ló ń pa kòkòrò ọwọ́. Iṣẹ́ pẹrọ́sáìdì ni láti pa ẹyin kòkòrò tó bá fara pamọ́ sínú omi náà. Èmi rò pé bó bá ti le tó ni yóò ti ṣiṣẹ́ tó. Àṣejù ni.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Inú ìgò tó bá wá ni kó wà títí yóò fi tán. Ẹ má ṣí orúkọ ara rẹ̀ kúrò. Ẹ má dà á sínú ìgò ọtí, ike omi tàbí ìgò àgbo láéláé. Ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ni kó wà, níbi gíga tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kúrò lábẹ́ páànù tí oòrùn ń yan. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu.

Ìgò ti ilé iṣẹ́ ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú ìgò mìíràn, tí ẹ sì dé e pa, afẹ́fẹ́ á máa kó jọ títí ìgò yóò fi bẹ́. Ìgò ṣìnáàpù mi tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, bí a kò bá gbé e lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ bú.

Kò gbọdọ̀ dé ojúbọ. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: irin, idẹ, ẹní, aṣọ, epo, ìyẹ̀rósùn tó jẹ́ ìyẹ̀ igi. Ẹni alágbára, bó bá dà sórí aṣọ tàbí igi, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná. Bó bá dà sílẹ̀, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lọ. Ẹ má fi àkísà nù ún kí ẹ sì ju àkísà náà sínú ike ìdọ̀tí.

Ohun tó wúlò fún nílé wa

N kò ní kí ẹ má lò ó. Ẹ̀yin ọlọ́bàtálá, ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ba àlà jẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ fi omi tútù ṣan ojú ibẹ̀, ẹ kán 3% sí i, yóò hó. Ẹ jẹ́ kó hó tán, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́. Aláró ni kí ẹ má fi kàn, torí ó lè bó o. Kò sì ran àbàwọ́n epo, ti ọṣẹ nìyẹn.

Ti egbò, àwọn dókítà òde òní kò fẹ́ kí a máa dà á sí i lójoojúmọ́, torí ó ń pa ẹran tuntun tó ń hù. Omi mímọ́ àti ọṣẹ ló dára jù.

Ti gbẹ́rẹ́, mo bẹ̀ yín. Kí ẹnikẹ́ni má ri abẹ bọ pẹrọ́sáìdì kó sì ní ó ti mọ́. Abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn rẹ̀. Àrùn éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ kò mọ awo, kò mọ ọ̀gbẹ̀rì.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀

Bó bá ta sójú, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí ẹnìkan bá gbé e mì, ẹ jẹ́ kó yọ omi lẹ́nu dà nù. Ẹ má fi ọwọ́ tọ́ ọ̀fun rẹ̀ kó lè bì. Ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé epo ni gbogbo wa ń sáré sí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ̀ èyí. Ẹ gbé e lọ síléèwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Ní agbègbè wa, LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ọ̀rílé-Agége. 112 tàbí 767 ni ẹ ó pè fún ìrànlọ́wọ́ ní Èkó. Ifá kò ní kí a má lọ síléèwòsàn. Bí ẹ bá dé, ẹ wá dá Ifá.

Lónìí, nílé mi, gbogbo ìgò tó wà nídìí ojúbọ ló ní orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ awo tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun gan-an ló ń kọ wọ́n. Bí mo bá ní kó gbé ọtí, á ka orúkọ sókè, á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó tó tẹ̀ é lé mi lọ́wọ́. Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́la, kí ẹ tó jẹun àárọ̀, ẹ yẹ kọ̀rọ̀ ilé yín wò. Ìgò tí ẹ kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má gbé e fún òrìṣà. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ̀ẹ́ kí a ṣì í mu, kí a má ṣì í rìn. Àṣẹ.